Erékùṣù Tí Kòkó Gbà Kọjá

Àwa tí à ń bá kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, pàápàá àwọn tó ń kọ áàpù tó ní í ṣe pẹ̀lú máàpù, a ní erékùṣù kan tí kò sí. Null Island ni a ń pè é. Ibi tí òdo ti pàdé òdo lórí máàpù ayé ni: òdo láti àríwá sí gúúsù, òdo láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Bí ẹnì kan bá gbàgbé láti fi àdírẹ́sì rẹ̀ sínú áàpù, tí ẹni tó kọ áàpù náà ò sì ṣọ́ra, òdo ni kọ̀ǹpútà máa kọ síbẹ̀, ilé onílé á wá bá ara rẹ̀ láàárín agbami òkun, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Ghana. Omi lásán ló wà níbẹ̀. Àwàdà àárín àwa oníṣẹ́ yìí ni.

Ṣùgbọ́n ẹ fi ìka ti máàpù yẹn síwájú díẹ̀, sí apá ìlà-oòrùn, kí ẹ má yà sókè, kí ẹ má yà sísàlẹ̀. Kí ẹ tó kan ilẹ̀ Gabon, ẹ máa rí nǹkan aláwọ̀ ewé tíńtín méjì lójú omi. Èyí tó tóbi ń jẹ́ São Tomé, àbúrò rẹ̀ tó wà lókè ń jẹ́ Príncipe. Erékùṣù gidi nìwọ̀nyí. Èèyàn tó lé ní 200,000 ló ń gbé ibẹ̀, orílẹ̀-èdè olómìnira sì ni wọ́n. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ Ifẹ̀, Oǹdó, Ìbàdàn, Iléṣà tàbí Èkìtì, tí bàbá bàbá yín sì fi owó kòkó kọ́lé páànù tàbí rán ọmọ níwèé, ọ̀rọ̀ àwọn erékùṣù yìí kàn yín ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ilẹ̀ wọn kéré. Ẹ kó méjèèjì pọ̀, nǹkan bí 1,000 kìlómítà onígun-mẹ́rin ni. Ìpínlẹ̀ Èkó tí gbogbo wa ń pariwo pé kò láyè yìí ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ. Òkè ayọnáyèéfín ló bí wọn. Ìlà òkè kan náà tó bí òkè Cameroon tó sì bí Bioko ló tẹ̀ síwájú nínú òkun tó fi bí Príncipe, São Tomé àti Annobón. Iná inú erékùṣù méjì tí à ń wí yìí ti kú tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó pọ̀ jáde ló di ilẹ̀ ọlọ́ràá tí wọ́n ń jẹ títí dòní. Òkè tó ga jù níbẹ̀, Pico de São Tomé, ga ní mítà 2,024. Ní apá gúúsù, òkúta kan wà tí wọ́n ń pè ní Pico Cão Grande, ìyẹn Òkè Ajá Ńlá. Ó yọ sókè láàárín igbó bí òpó, ó ju 300 mítà lọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dúró gbọingbọin bí ògiri. Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá, ẹ má bínú, Olúmọ á kí i ní ẹ̀gbọ́n.

Equator tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé, ìlà tó pín ayé sí méjì ọgbọọgba, gba orí erékùṣù kékeré kan kọjá ní ìsàlẹ̀ São Tomé. Ilhéu das Rolas lorúkọ rẹ̀. Àwọn àlejò máa ń lọ síbẹ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ kan sí àríwá ayé, èkejì sí gúúsù, wọ́n á sì ya fọ́tò. Òjò ibẹ̀ ò pín ara rẹ̀ dọ́gba rárá. Afẹ́fẹ́ tó ń ti gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn bọ̀ á gbé omi òkun wá, á kọlu òkè, á sì da gbogbo ẹrù rẹ̀ sí apá ibẹ̀: ọ̀pọ̀ mítà òjò lọ́dún kan ṣoṣo. Nígbà tó bá fi máa kọjá sí òdìkejì òkè, níbi tí olú ìlú wà, ọwọ́ rẹ̀ ti ṣófo. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀rùn kan tí wọ́n ń pè ní gravana, láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án. Àsìkò tí àgbàrá ń gbé mọ́tò ní Èkó gan-an ni tiwọn máa ń gbẹ, tí ara á sì tutù.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti bá ìyá àgbà lọ oko rí mọ̀ pé igi kòkó, igi alákẹ́jù ni. Kò fẹ́ ọ̀dá, kò fẹ́ ìjì, kò fẹ́ kí oòrùn máa pa òun ní tààrà. Igi ńlá tó máa ṣíji bò ó ló ń wá, àti ilẹ̀ tó lọ́ràá. Bí èèyàn bá jókòó, tó ní kí òun ṣẹ̀dá ilẹ̀ fún kòkó, São Tomé ni yóò ṣẹ̀dá. Àwọn tó kọ ìwé fún arìnrìn-àjò afẹ́ máa ń dúró síbi yìí: òkè, òjò, igbó, etíkun funfun, ó parí. Àwa ò rò pé ó parí síbẹ̀, torí ilẹ̀ àti òjò wà ní ibi púpọ̀ láyé. Ohun tí São Tomé ní tí àwa ò ní ni pé kò ní onílẹ̀.

Nígbà tí àwọn Pọtogí gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1470, wọn ò bá èèyàn kankan. Kò sí ọba tí wọ́n máa bá ṣe àdéhùn, kò sí baálẹ̀, kò sí ẹbí tó máa gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn, kò sí ẹni tó máa ní ojúbọ bàbá òun ni wọ́n dá oko sí yẹn. Àwọn tó kún ibẹ̀ lẹ́yìn náà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni wọ́n fi ipá kó wá. Ní 1493, ọba Pọtogí, João Kejì, gba ọmọ kékeré lọ́wọ́ àwọn Júù tó sá wọ ilẹ̀ rẹ̀ láti Spain, wọ́n kó wọn sọ́kọ̀ ojú omi lọ sí São Tomé. Àkọsílẹ̀ pe iye wọn ní nǹkan bí 2,000. Púpọ̀ nínú wọn ò pẹ́ láyé níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹrú ń dé, láti Ìbíní, láti Kongo, láti Angola. Duarte Pacheco Pereira, ọ̀gákọ̀ Pọtogí tó kọ̀wé nípa etí òkun wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, dárúkọ Ìjẹ̀bú nínú rẹ̀, ó ní wọ́n ń fi ẹ̀gbà idẹ ra ẹrú níbẹ̀. Àwọn kan nínú ẹrú tí wọ́n rà ní agbègbè Ìbíní, São Tomé ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó wọn lọ, kí wọ́n tó gbé wọn dé Elmina láti fi wọ́n pààrọ̀ wúrà.

Ìrèké ni wọ́n kọ́kọ́ fi ẹrú gbìn. Láàárín ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ṣúgà São Tomé ń lọ sí Yúróòpù lọ́pọ̀ yanturu. Oko ńlá kan, ọ̀gá kan, ẹrú aláwọ̀ dúdú rẹpẹtẹ: ètò tí wọ́n wá gbé lọ sí Brazil àti àwọn erékùṣù Caribbean nìyẹn, São Tomé ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò dáadáa. Ní 1595, ẹrú kan tó ń jẹ́ Amador kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n dáná sun ilé ìfúnrèké káàkiri erékùṣù náà. Wọ́n mú un, wọ́n sì pa á ní ìbẹ̀rẹ̀ 1596. Lónìí, Ọba Amador ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ti ya àwòrán rẹ̀ sórí owó wọn. Ṣúgà Brazil ló wá pa ti São Tomé kú. Àwọn olówó kó lọ, erékùṣù náà di ibi tí ọkọ̀ akẹ́rú ń dúró pọnmi fún bí igba ọdún.

Ọdún 1822 ni Brazil gba òmìnira lọ́wọ́ Pọtogí. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gbé igi kòkó láti Bahia wá sí Príncipe. Láti Príncipe ó dé São Tomé, láti ibẹ̀ ó dé Fernando Pó tí à ń pè ní Bioko báyìí, láti Fernando Pó ló gbà dé Ghana àti ọ̀dọ̀ wa. Kòkó àtijọ́ tó wà lóko àwọn bàbá wa, tí èso rẹ̀ jọ bàrà kékeré, Amelonado lorúkọ rẹ̀, ìran ti Bahia yẹn ni. Ẹ̀yin tó ń kọ kóòdù máa mọ irú rẹ̀: ẹnì kan kọ ọ́, ẹlòmíràn dà á kọ, ẹlòmíràn dà á kọ lọ́wọ́ onítọ̀hún, títí àìsàn kan á fi dé, gbogbo wọn á sì jọ máa ṣàìsàn pọ̀.

Àwọn oko kòkó São Tomé, roça ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹ má wo oko tí ẹ mọ̀ o. Ìlú ni roça. Ó ní ilé ọ̀gá lórí òkè, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ilé ìwòsàn tirẹ̀, ó ní ojú irin tí ọkọ̀ kékeré fi ń kó kòkó lọ sí èbúté, ó ní agogo tí wọ́n ń lù láàárọ̀ kùtù. Ó sì ní sanzala, ilé gígùn onílà-onílà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sùn sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, erékùṣù bíńtín yìí wà lára àwọn tó ń kó kòkó jáde jù lọ ní gbogbo ayé. Ní 1913, ó kó nǹkan bíi 36,000 tọ́ọ̀nù jáde.

Ta ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀? Òfin Pọtogí ti fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀ láti 1875. Àwọn tí wọ́n sọ di òmìnira, tí wọ́n ń pè ní forro, ní àwọn ò ní tẹ roça mọ́. Ẹ ò lè dá wọn lẹ́bi. Àwọn olóko wá yíjú sí Angola, wọ́n ní òṣìṣẹ́ aláàdéhùn làwọn ń wá, serviçal, ọdún márùn-ún péré. Wọ́n ń ra èèyàn ní ìgbèríko Angola, wọ́n ń so ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́lẹ̀, wọ́n ń dà wọ́n dé etí òkun, wọ́n á wá bi wọ́n níwájú òṣìṣẹ́ ìjọba bóyá wọ́n fẹ́ lọ. Ẹnikẹ́ni ò dúró gbọ́ èsì. Ọdún márùn-ún á pé, wọ́n á tún un kọ fún márùn-ún mìíràn. Kí ó tó di 1908, agbára káká la fi lè rí ẹnì kan tó padà sílé.

Ní 1901, William Cadbury, ọ̀kan lára ẹbí tó ń ṣe ṣokoléètì ní Birmingham, rí ìwé tí wọ́n fi ń polówó roça kan fún títà. Wọ́n ka ilẹ̀, wọ́n ka màlúù, wọ́n ka àwọn òṣìṣẹ́ dúdú mọ́ ọn, wọ́n sì kọ iye tí wọ́n tó sí i. Ìjọ Quaker ni ẹbí Cadbury ń lọ, ìjọ tó ti bá òwò ẹrú jà láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà náà, nǹkan bí ìlàjì kòkó tí iléeṣẹ́ wọn ń rà, São Tomé ló ti ń wá. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n kọ lẹ́tà. Wọ́n bá ìjọba sọ̀rọ̀. Oníròyìn kan, Henry Nevinson, lọ Angola àti erékùṣù náà ní 1904 sí 1905, ó padà dé, ó sì pe ohun tó rí ní ẹrú láìfi bò, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1906. Àwọn Cadbury rán aṣojú tiwọn, Joseph Burtt, tó fi bí ọdún méjì rìn káàkiri. Òun náà padà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti Nevinson. Ní March 1909 ni Cadbury, Fry àti Rowntree tó ní àwọn ò ra kòkó São Tomé mọ́.

Ẹ ka ọdún yẹn fúnra yín: láti 1901 dé 1909. Ìwé ìròyìn kan ní London, *Standard*, ti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ní 1908, pé ẹnu wọn dùn, ọwọ́ wọn ò mọ́. Cadbury gbé e lọ sí kóòtù, ẹjọ́ náà sì wáyé ní Birmingham ní ìparí 1909. Júrì dá Cadbury láre, wọ́n sì ní kí *Standard* san owó gbà-má-bínú fún un: farthing kan. Ìdá mẹ́rin kọ́bọ̀ ni. Nínú gbogbo ìwé tí wọ́n kọ nípa ọ̀rọ̀ yìí, àwa gbà pé farthing kan yẹn ló sọ̀rọ̀ jù.

Ìdí tí wọ́n fi rí àyè fi São Tomé sílẹ̀ ni pé kòkó ti ń so níbòmíràn. Gold Coast ni wọ́n kọjú sí, kò sì pẹ́ tí Gold Coast fi gba ipò kìíní láyé. Kòkó tiwa náà ń gòkè bọ̀ lẹ́yìn tiwọn. Ọ̀gákọ̀ James Pinson Labulo Davies, ọkọ Sarah Forbes Bonetta tí Ọbabìnrin Victoria gbà ṣe ọmọ, ló gbin tirẹ̀ sí Ijon, ní ẹ̀gbẹ́ Agége, ní 1879 sí 1880. Ara irúgbìn rẹ̀ ti inú ọkọ̀ Brazil kan wá, ara rẹ̀ ti Fernando Pó wá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Jacob Kehinde Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ Agége di ìlú kòkó, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1907. Lébìrà tó bá wá ṣiṣẹ́ lóko wọn, bó bá ń padà lọ sí Ìbàdàn, Oǹdó tàbí Iléṣà, hóró kòkó á wà nínú àpò rẹ̀.

Ibi tí ìtàn méjèèjì ti yapa nìyí. Lébìrà Agége padà sílé. Ó bá ilẹ̀ ẹbí rẹ̀ níbẹ̀, tàbí ó lọ bá onílẹ̀ níbòmíràn pẹ̀lú obì àti ọtí, ó ń san ìṣákọ́lẹ̀, ó sì gbin igi tirẹ̀. Lébìrà São Tomé ò rí ilé padà sí. Òjò kan náà, igi kan náà, èso kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fọ́ kòkó ní Gbọ̀ngán mọ̀ pé tòun ni. A ò ní kí a máa gbé ara wa gẹ̀gẹ̀ o. Àwọn ìwọ̀fà àti àwọn tó jẹ́ ẹrú tẹ́lẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣán igbó kòkó nílẹ̀ Yorùbá, àwọn ìyàwó àti ọmọ sì wà tí wọ́n ṣiṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò san kọ́bọ̀ fún. Ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ náà dá ìjà tí ẹ̀jẹ̀ ṣàn nínú rẹ̀ sílẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955, nígbà tí Cocoa House dìde ní Ìbàdàn ní 1965, owó àgbẹ̀ kéékèèké ni, kì í ṣe ti ọ̀gá roça. Nígbà tí ìjọba sì wá ń fún wọn lọ́rùn jù pẹ̀lú owó orí, àwọn àgbẹ̀ yìí náà ló gbé ìbọn àti àdá ní 1968 sí 1969, tí wọ́n ní Àgbẹ́kọ̀yà.

Àwọn forro gbìyànjú àtikọ ìyà tiwọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1953, ìròyìn tàn kálẹ̀ pé Gómìnà Carlos Gorgulho fẹ́ fi tipátipá kó wọn padà sí roça. Wọ́n fi ẹ̀hónú hàn. Láti ọjọ́ 3 February ni ìjọba ti tú àwọn ológun àti àwọn olóko sí wọn ní Batepá àti agbègbè rẹ̀. Wọ́n yìnbọn pa èèyàn, wọ́n há àwọn mìíràn mọ́ yàrá títí tí èémí fi tán nínú wọn, wọ́n kó àwọn mìíràn lọ ṣiṣẹ́ àṣekú ní etíkun Fernão Dias. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló kú. Ọjọ́ ìsinmi ni ọjọ́ yẹn jẹ́ níbẹ̀ lọ́dọọdún.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan nípa Príncipe tí a ò lè fò, torí iṣẹ́ wa. Ní ọjọ́ 29 May 1919, òṣùpá bo òòrùn mọ́lẹ̀ lójú ọ̀sán. Arthur Eddington, onímọ̀ ìràwọ̀ láti Cambridge, wá sí Roça Sundy láti ya àwòrán ìràwọ̀ tó yí òòrùn ká, kó fi mọ̀ bóyá òótọ́ ni Einstein sọ pé òòrùn máa ń tẹ ọ̀nà ìmọ́lẹ̀. Òjò ńlá rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìkùukùu bo ojú sánmà, díẹ̀ nínú àwòrán mẹ́rìndínlógún tó yà ló wúlò. Ó tó. Òun àti ti àwọn tó lọ sí Sobral ní Brazil ló sọ Einstein di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. GPS inú fóònù yín ń lo ìṣirò Einstein yẹn lójoojúmọ́; láìsí i, áàpù tó ń gbé oúnjẹ wá á máa wá ilé yín láàárín ọ̀sà. Nínú ìròyìn tí Eddington àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ, wọ́n ní ojú irin roça ni wọ́n fi kó irinṣẹ́ àwọn, ṣùgbọ́n ó ku nǹkan bíi kìlómítà kan tí kò sí irin, àwọn èèyàn dúdú ló rù ú gba inú igbó. Orúkọ wọn ò sí níbẹ̀.

Òmìnira dé ní 12 July 1975. Lóṣù kẹsàn-án ọdún náà, ìjọba tuntun gba gbogbo roça. Àwọn Pọtogí ti sá, àwọn tó mọ ìṣirò àti ẹ́ńjìnnì ti lọ, ìjọba sì di ọ̀gá roça. Agogo ṣì ń dún láàárọ̀. Àwọn ọdún 1990 ni wọ́n tó wá ń gé ilẹ̀ náà fún àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn, ohun tí Agége ti bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Kòkó tí wọ́n ń kó jáde báyìí ò tó ìdá mẹ́wàá ti 1913, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ dára lọ́jà, wọn ò fi kẹ́míkà sí púpọ̀ nínú rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló sì ń tà á. Epo pupa náà ti ń di ọjà. Ti epo rọ̀bì, àwọn àti Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn ní 2001 láti pín ohun tó bá wà nínú òkun àárín wa: 60 nínú ọgọ́rùn-ún fún wa, 40 fún wọn. Ìròyìn owó yẹn gbóná débi pé nígbà tí àwọn ológun gbàjọba níbẹ̀ ní July 2003, Àbújá ni ààrẹ wọn, Fradique de Menezes, wà, Ọbásanjọ́ ló sì tẹ̀ lé e padà sílé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Títí di bí a ṣe ń wí yìí, epo tó tó tà ò tíì jáde.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ máa rí nǹkan wò. Ìjàpá òkun máa ń gòkè wá yé ẹyin sórí yanrìn. Bẹ́rẹ́fútù yíyan àti ẹja ni oúnjẹ ojoojúmọ́. Wọ́n ní eré kan, Tchiloli, tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin máa ń wọ ìbòjú àti aṣọ òyìnbó àtijọ́, wọ́n á fi ọ̀pọ̀ wákàtí ṣe ẹjọ́ ọmọ ọba Charlemagne tó pààyàn, lójú gbangba, pẹ̀lú ìlù àti fèrè. Roça Sundy ti di hòtẹ́ẹ̀lì. Ní Agostinho Neto, roça tó ń jẹ́ Rio do Ouro tẹ́lẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá wà lórí òkè, òrùlé rẹ̀ ti ń já, igi ti hù láàárín ògiri, àwọn àlejò sì ń dúró sí iwájú rẹ̀ ya fọ́tò. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni sanzala wà, onílà-onílà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Wọ́n sá aṣọ sójú fèrèsé. Àwọn ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n kó wá láti Angola àti Cape Verde ló ń gbé inú rẹ̀.